Gàrí Tí Mo Fún Díákónì Jẹ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì iṣẹ́ káfíńtà yín ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Maitumbi níbí, ìwé wà lórí itan mi. Jókòó tí mo wí yìí, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Tí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, màá dìde lọ wo ẹṣin yín. Inú ń run ún láti òwúrọ̀, èmi ni mo sì fà á. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, ó ku ẹ̀yin.

Lánàá ni èérí ọkà bàbà tó ń jẹ tán nílẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Gidan Kwano, bọ́ọ̀sì pẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò lè yà sọ́jà mọ́. Mo wá rí àpò gàrí tí àwọn ẹbí yín kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìsìnkú yín, tí a kò tíì jẹ dé ìdajì. Mo ní ẹni tó ń jẹ èérí, kí ni gàrí máa fi í ṣe? Mo bù ú kún páànù kan, gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Díákónì jẹ ẹ́ tán, ó lá páànù. Ìgbà yẹn ni mo wá gbé omi fún un, ó sì mu ún dáadáa. Àìmọye ìgbà lẹ ti sọ fún wa pé omi ló ń ṣáájú oúnjẹ ẹṣin. Àti pé ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí gàrí máa ń ṣe tó bá pàdé omi?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a tó ń yíjú wo ìhà ara rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, òógùn bò ó lọ́rùn. Mo sáré lọ pe Màlámù Gàrúbà tó máa ń bá yín gé pátákò rẹ̀. Ó gbé ètè ẹṣin sókè, ó wo èrìgì, ó mi orí.

“Kai, ciki ne. Ki kira likita yanzu.”

Ó ní inú ni, kí n pe dókítà kíá. Mo pe dókítà ẹran. Àgùnbánirọ̀ ni, ọmọbìnrin kékeré kan tó ti Ìbàdàn wá, tó ń gbé ní Nassarawa. Ó bi mí ohun tí ẹṣin jẹ, mo ní èérí ni. Bàbá, mo wojú ọmọ ọlọ́mọ, mo purọ́. Ó ki ọ̀pá rọ́bà gba ihò imú Díákónì wọlé títí ó fi dé ikùn, kò sì pẹ́ tí nǹkan funfun tó ti wú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó, ó wá wò mí.

“Ànti, ẹ̀bà lẹ fún ẹṣin yìí?”

Màlámù Gàrúbà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é.

Ó da òróró sí i nínú, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní kí n máa mú un rìn díẹ̀díẹ̀, kí n má jẹ̀ẹ́ kó yí gbiri nílẹ̀, kí n má sì fún un ní oúnjẹ kankan títí yóò fi yàgbẹ́. Tí aago mẹ́rin bá lù tí kò tíì yàgbẹ́, kí n pe òun, ṣùgbọ́n kí n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Aago mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ìgbẹ́ ẹṣin ni mo ń retí látàárọ̀, èmi tí mo máa ń di imú kọjá ní ẹ̀yìnkùlé yìí.

Mo ti padà dé. Mo mú un dé etí títì, àwọn kẹ̀kẹ́ ń rọra yà fún wa. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti rìn. Mo fi Hausa bẹ̀ ẹ́, mo fi Hausa bú u, ó dúró gbagidi. Ìgbà tí mo rántí pé Yorùbá lẹ fi tọ́ ọ, tí mo ní ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ, ló tó gbẹ́sẹ̀. Yorùbá lẹ fi tọ́ èmi náà, Hausa ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Ṣé ó ń dùn yín? Ẹ kò sọ ọ́ rí.

Lójú títì yẹn ni ẹ ti máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, tí àwọn èèyàn á máa pariwo pé, “Baba, ka hau mana,” pé kí ẹ gùn ún. Ẹ kò gùn ún rí nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yarọ. Yíyarọ yẹn náà ni ọlọ́lá tí ẹ bá ṣe ilẹ̀kùn ilé ẹṣin rẹ̀ fi fẹ́ lé e dànù, tí ẹ fi fà á wálé lọ́mọ kékeré, tí ẹ sọ ọ́ ní Díákónì, tí ọ̀rọ̀ sì dé ìpàdé ìjọ. Ẹ ní ìyá rẹ̀, ẹṣin Súdáànì ni, pé kí wọ́n wo gígùn ọrùn rẹ̀. Màlámù Gàrúbà ní ẹṣin ilẹ̀ yìí paraku ni, pé kí ẹ wo bí pátákò rẹ̀ ṣe le. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi jiyàn. Ta ló jàre nínú yín?

Láràárọ̀, kí ẹ tó mu tíì, ẹ máa ń fi etí lé ìhà rẹ̀, ẹ ó dijú. Àdúrà ni mo rò pé ẹ ń gbà. Òní ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi pé ìfun ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń kùn, pé tó bá dákẹ́, ewu ń bẹ. Kí ló dé tí ẹ kò kọ́ mi? Àbí ẹ kọ́ mi, tí n kò dúró gbọ́? Mo ti fi etí lé e títí etí fi ń ta mí. Apá òsì ń kùn díẹ̀, apá ọ̀tún dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń yí po. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ ní àyà ń fún yín. Mo ní kí ẹ sùn díẹ̀, pé màá ra oògùn bọ̀. Bọ́ọ̀sì Gidan Kwano ló wà lọ́kàn mi. N kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ ní ọ́fíìsì tí Màmá fi pè. Ṣé ẹ pè mí lẹ́yìn tí mo jáde? Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí mo ti géètì? Màmá ní kò sí ohun tí ǹ bá ṣe. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí ìdúró ni mo ti ń jẹun, ilẹ̀ tí mo ti gbá ni mo tún ń gbá. Mo bẹ̀rù yín, Bàbá, mo bẹ̀rù pé ẹ ń bínú sí mi.

Ẹ dúró. Ó ń gbé ìrù.

Ó ti yàgbẹ́. Kò pọ̀, kóró mẹ́rin péré, òróró ń dán lára wọn. Màmá tó máa ń ká ìró sókè kọjá níbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi tú u wò, ó ní, “Ó ti ṣe é. Ìwọ náà, jókòó wàyí.” Mo jókòó sínú erùpẹ̀, ẹkún sì gbé mi. N kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sọ yín kalẹ̀, omi ni mo ń pín fún àlejò. Díákónì ń fi ètè tú àpò aṣọ mi, ebi ń pa á, n kò sì fún un ní nǹkan kan.

Ká ní mo dúró lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹ ì bá kú náà. Ṣùgbọ́n ǹ bá wà níbẹ̀.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe fi hàn lọ.