Àgbàṣe Aṣọ Yàrá Ìgbẹ̀bí

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ? Tèmi, ara ń ro mí bí ẹni gbé odó sùn, ṣùgbọ́n mò ń mí.

O ní kí n sinmi nígbà tí o gbọ́ pé wọ́n ní kí n má wá fọṣọ mọ́. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ló pè mí, ó ní, "Ìyá, a ti gbé aṣọ fífọ̀ fún àgbàṣe." Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kan níta ni yóò máa fọ̀ ọ́, àwọn á kàn máa sanwó iṣẹ́, wàhálà òṣìṣẹ́ kúrò lọ́rùn àwọn. Èmi ni wọ́n ń kọ́ ní àgbàṣe! Nígbà tí apá mi kán, ṣebí ìwọ ni mo gbé e fún? Ṣùgbọ́n mo jókòó tì ọ́, mò ń yẹ igun aṣọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ síta kò gbé orúkọ rẹ̀ síta.

O rántí òwú pupa tí mo máa ń rán sí igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì yàrá ìgbẹ̀bí, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti àwọn elégbò. N kò sọ fún àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ àgbàṣe yẹn, torí wọn kò bi mí. Ó yẹ kí n sọ, mo mọ̀. Wọ́n tú òwú náà, wọ́n ní ìdọ̀tí ni, wọ́n sì fọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà yarí: "Ọmọ tuntun kankan ò ní sùn lórí èyí!"

Lánàá ni ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà mi, bí ológbò tó jẹ ẹran onílé. Ó ní kí n wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ náà. Èmi tí mo ti ń fọṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn! Mo ní, "Ẹ gbé àgbàṣe yàrá ìgbẹ̀bí fún èmi náà. Ilé mi ni n ó ti fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ má wo ewú orí mi." Ó gbà. Ó rẹ̀ mí dé egungun, àmọ́ ọjọ́ Ajé ni ìdì àkọ́kọ́ ń bọ̀, áyọ́ọ̀nù mi tó ń lo iná sì ti jó.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Mo rí àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ. Imú mi ló gbé, ẹ má jiyàn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbọ́ràn,
Ìyá Olówùú Pupa.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi tí o yá nígbà tí ò ń lọ sílé ọkọ, ọ̀sẹ̀ kan lo dá. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógójì. Dá a padà kí ọjọ́ Ajé tó pé.