Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Dúdú Kì Í Ṣe Ti Ewúrẹ́

Ẹ̀bá Títì Márosẹ̀,
Ìkirè.
Ọjọ́ Ajé.

Bàlíkísù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé láyọ̀, orí kò ní fọ́ ọ nídìí kọ̀ǹpútà náà. Ara wa le níbí. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láìlo ọ̀pá.

Má bínú pé orí bébà ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Dúrótìmí awakọ̀ ló máa mú un wá, dòdò ẹyọ kan ni mo fún un, kò sì wọ́n rárá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí o fi sínú fóònù mi, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn yẹn, ni mo fẹ́ sọ, kò sì yẹ kí ó máa gbọ́ bí mo ṣe ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í béèrè owó ọkọ̀, dátà nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Mo máa ń gbé e síbi tí èéfín kò dé, mo sì máa ń pa fóònù náà lẹ́yìn ìrun alẹ́ kí ó lè sùn. Bí mo bá ti sọ bí ọjà ṣe wà fún un láàárọ̀, á bá mi kọ̀wé sí àwọn oníbàárà. O ní iṣẹ́ rẹ l'Ékòó náà nìyí, pé ẹ máa ń kó irinṣẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo sì ń kọ ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà fún. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà wò, mi ò rí irinṣẹ́ kankan níbẹ̀ àfi bátìrì, ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ gbọ́. O ní ọ̀kan wà fún oníbàárà, ọ̀kan wà fún ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìkòyí ìtòsí wa níbí, ọ̀kan sì wà fún pípe Olúgbémi ará Apòmù tó ń kó èèpo wa fún ewúrẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Salome tó ń ránṣọ béèrè ọgọ́rin dòdò fún ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúró dè é títí ó fi dúdú, tó rọ̀ múlọ́múlọ́ bó ṣe yẹ fún dòdò Ìkirè. Inú mi dùn, mo sọ fún ọmọ náà pé gbogbo rẹ̀ ti dúdú, mo bá lọ ra epo. Kí n tó dé, Olúgbémi ti fi kẹ̀kẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ tilẹ̀ bá a gbé e, wọ́n ní àwọn rò pé èmi ni mo rán ọmọ inú fóònù níṣẹ́.

Mo gun ọ̀kadà dé Apòmù. Ewúrẹ́ ti yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ká bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìsọmọlórúkọ. Olúgbémi ní ẹnu ya òun náà, pé láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ mí, òun ò rí i kí n fi ohun tó tó kọ́bọ̀ tọrẹ rí. Ìdajì ni mo rí gbà padà.

Nígbà tí mo bi ọmọ náà léèrè, ó ní ohun tí wọ́n kọ fún òun ni pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti dúdú, kí òun pe ẹni tó ń kó o fún ẹran. Bàlíkísù, ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'Ékòó lo kọ ìyẹn fún, o kàn gbé e wá sọ́dọ̀ mi bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ló rán ọ níléèwé. O mọ̀ ọ́n débi pé o rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní dá ìwọ nìkan lẹ́bi. Inú bí mi, mo sì sọ fún un pé Olúgbémi kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun níbí mọ́. Ó gbọ́ràn. Láti ọjọ́ náà ni èèpo ti ń ga lẹ́yìn ilé, bí Olúgbémi bá sì kọ̀wé béèrè, ọmọ náà á ní Màmá ní rárá. Eṣinṣin ló ń kọ́kọ́ kí bàbá rẹ ní ẹ káàárọ̀ báyìí.

Salome gba ogójì tí mo rí dín, ṣùgbọ́n ó ní bí ogójì tó kù kò bá dé kí wọ́n tó ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú yìí, ọ̀dọ̀ Raliat tó kọjú sí wa ni òun yóò máa rà á lọ. O mọ Raliat, yóò fi mí kọrin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun ti wà nílẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni yóò dúdú. Nítorí náà, tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. Kọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá. Èèpo ni ti Olúgbémi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, orí iná ló ń lọ. Èyí tó bá hu funfun tó sì ń rùn, kí ó kọ́kọ́ bi mí ná. Má ṣe ṣahun ọ̀rọ̀, èmi tí mo máa ń ṣọ́ owó ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí o kò kọ ló jẹ mí ní ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bá mi wá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún epo àti ata, kí o sì fi ẹgbẹ̀rún kan lé e fún dátà ọmọ náà, nítorí bó ti wù kó ṣẹ̀ mí tó, mi ò ní febi pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí o bá ń fi owó náà ránṣẹ́, jọ̀ọ́, kọ ohun tó wà fún àti ohun tí kò wà fún. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kò ní àlàyé kankan, bàbá rẹ sì fi ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ Olúgbémi. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n so ó mọ́, ó sì ti ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Ohun tí o bá kọ yóò máa yé ẹni tó bá kà á, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ará inú fóònù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti ewúrẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàlámọ̀tù Oní-dòdò.