Àmì Dúdú ní Àtẹ́lẹsẹ̀ Orogún Mi

                                        Agboolé Àrẹ̀mú,
                                        Ìsàlẹ̀ Tàbà,
                                        Ṣakí.
                                        18 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Fọlákẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn ńbẹ̀ yẹn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ibà tó ń ṣe Caleb ti lọ? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ gbogbo wọn. Ní tiwa, kò rí bí a ṣe fẹ́ kó rí. Mo fẹ́ pè ọ́ lánàá, mo tẹ nọ́ńbà rẹ tán, mo tún pa fóònù. 

O mọ Mujeebat, ọmọ Kísí tí Bàbá Kàdírì fẹ́ lé mi. Làálì tí wọ́n lé fún un nígbà ìgbéyàwó ti ṣá tán, ó ku ojú kan ní gìgísẹ̀ òsì. Gbogbo wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, a ń pè é ní ìyàwó ọ̀sìngín tí kì í gbó. Òun náà á gbé ẹsẹ̀ sókè, á ní làálì Kísí kì í ṣe ẹgbẹ́ làálì Ṣakí. Lẹ́yìn tó bímọ, àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nígbà tí a ń wa iṣu lọ́dún yìí, ó di egbò tó kọ̀ tí kò jiná.

Ìyá ọkọ wa ní ó tẹ nǹkan ni. Ìwọ náà wo ohun tí wọ́n wí. Bí ìyàwó kékeré bá tẹ nǹkan nínú ilé, ta ló gbé e síbẹ̀? Wọn ò dárúkọ mi, wọ́n kàn máa ń dákẹ́ bí mo bá wọlé ni. Ó dùn mí wọra.

Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù wa, níbi tí mo ti ń tọ́jú fáìlì aláìsàn. Dókítà gé díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó pe Mujeebat àti ọkọ wa, ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, kí wọ́n tètè lọ gé ibẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni fáìlì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kí n fi kóòdù tó ń dúró fún àrùn rẹ̀ sí i, bíi ti gbogbo èèyàn. Wàá rántí bí olùkọ́ wa ṣe máa ń pariwo pé ká má fi èyí pe ìyẹn: C43 ni èyí tó ń ti inú ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀ wá, òun ló burú jù, C44 ni àwọn yòókù. Mo ka èsì náà, mo tún un kà, mo ń wá C44. Kò sí níbẹ̀. Mo kọ C43.7, torí ẹsẹ̀ ni, mo lu òǹtẹ̀, mo mú fáìlì tó kàn. Ti aláboyún kan ni. Láti ìgbà náà ni ara mi ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Kóòdù kan ṣoṣo yẹn ló ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Bí àrùn náà bá gun abẹ́ itan, a ó fi òmíràn kún un, ìwọ náà sì mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wa ní ẹnikẹ́ni ò ní gé ẹsẹ̀ ìyàwó òun, kí àwọn ààfáà máa ṣàdúrà ná. Ọkọ wa ò ta ko ìyá rẹ̀. Mujeebat ní òun ò lọ. Ta ni yóò wá bá a sọ̀rọ̀? Èmi tí wọ́n ń fura sí! Bí mo bá ní kó lọ, wọ́n á ní mo fẹ́ sọ ọ́ di arọ. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò kú.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣáà tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀, mo wọ yàrá rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan bò. Mo wá ní tó bá wù ú, kó gbà pé èmi ni mo gbé ohun tó tẹ̀ sílẹ̀, kó ṣáà lọ sí Ìbàdàn.

Láàárọ̀ òní, ó jáde ti òun ti báàgì. Ìyá ọkọ wa jókòó lójúde pẹ̀lú àwọn ará ilé. Mujeebat tú Misturat, ọmọ rẹ̀, kúrò lẹ́yìn, ó gbé e pọ̀n sí mi lẹ́yìn lójú gbogbo wọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọ̀já náà mọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Kàdírì, kì í mu ògì tó gbóná o.” Òun àti ọkọ wa wọkọ̀.

Ọsibítù yín ni wọ́n ń bọ̀. Jọ̀wọ́, wá a kàn. Bí ẹ bá fi kóòdù mìíràn kún tirẹ̀, má fi pamọ́ fún mi. Bá mi kí màmá yín àti bàbá àwọn ọmọ. Mi ò tíì sunkún. Tó o bá rí i, sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti jẹun.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́,
                                        Sọ̀fíyàt.