Káàdì Tí Wọn Ò Kọ Nǹkan Kan Sí

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi, torí Ìtàjí níbí ò tóbi.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fẹ̀yìn tì, báírò pupa mi ni kò fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sọ "return back" létí mi, nígbà tí "return" nìkan ti tó, àfi bí ìgbà tí mo bá jẹ òkúta nínú ìrẹsì. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń máàkì ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mo sì ń dá a padà fún akọ̀wé lójú gbogbo ìjọ.

Lóṣù tó kọjá, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa mú káàdì wá kí mi. Orúkọ méjìlá ló wà nínú ẹ̀, kò sí "ara á yá" kan. Mo bi Ìyá Ọlámipọ̀sí, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré, pé kí ló dé.

Ó ní, "Tíṣà, ta ló fẹ́ kọ ọ́ kẹ́ ẹ wá máàkì ẹ̀?"

Ó ti rẹ̀ mí, olóòtú. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé kí n tètè "return back" sáàárín wọn, ǹ bá sunkún ayọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi?