Èmi Ni Mo Yọ̀ǹda Ìjókòó Rẹ

Tẹniọlá, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí mo rí ọ gbẹ̀yìn ní pápákọ̀ òfurufú, tí o fi ìbínú fa àpò rẹ wọlé tí o kò bojú wẹ̀yìn. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Kánádà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o rí ìbànújẹ́ mìíràn lẹ́yìn èyí tí a jọ rí yìí. Àìsàn kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ẹ̀yìn rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí, Ọlọ́run yóò tù ú lára. Àmín.

Àwa náà wà ní Bàrígà níbí, a dúpẹ́. Iná dé lánàá, ó sì lọ kí omi tó hó. Wọ́n ti tún gọ́tà àdúgbò ṣe dé ìdajì, wọ́n ní ìdajì yòókù di ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà omi ń ṣàn dáadáa títí tó fi dé iwájú ilé wa, ibẹ̀ ló wá ń jókòó sí. Ológbò màmá rẹ bí ọmọ mẹ́rin sínú àpótí aṣọ rẹ̀, n kò lé wọn jáde. Adébọ̀dé, ẹnìkejì mi ní ilé ìtẹ̀wé, ní kí n kí ọ. Ó ń pariwo kiri pé mo ti darúgbó, pé mo lẹ ìwé oníbàárà kan pọ̀ mọ́ ìwé ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ìwé méjèèjì sì jọra.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo rí i pé o fi máàkì méjì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì di aláwọ̀ búlúù, inú mi dùn, mo fi han Adébọ̀dé pé ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò kò sì rí àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n tíṣà tó kọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ó bá ti máàkì iṣẹ́ rẹ tán, yóò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni mo ń dúró dè. Ní Àlàmísì tó kọjá ó dé. O ní o ti kọ̀wé fẹ̀sùn kan ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà, Ṣọlápé, bí o ṣe ka orúkọ rẹ̀ lórí àyà rẹ̀, o ní wọn yóò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bébà. Bí ó bá jẹ́ lórí fóònù ni, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè òtútù títí owó orí rẹ̀ yóò fi tán. Adébọ̀dé yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù kó lè tètè dé. Fara balẹ̀ kà á, ọmọ mi.

Nígbà tí a wà lórí ìlà, o kó páásípọ́ọ̀tù àti ìwé rẹ lé mi lọ́wọ́, o ní o fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wé àpótí. Ọmọbìnrin náà ń bọ̀, ó ń dúró lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní èrò ti ju ìjókòó lọ, pé àwọn ìjókòó mìíràn wà tí ènìyàn méjì sanwó sí. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó fà á, ogójì ọdún kọ́ ni mo fi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú? Ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà ló há. Bí ó bá ti há, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò máa jáde sórí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe èmi àti Adébọ̀dé rí, nígbà tí a tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ìkórè tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀bùn fún ìjọ kan ní Pedro, tí ènìyàn mẹ́rìnlá fi wá gbé fíríìjì kan ṣoṣo. Mo wá gba ọmọbìnrin náà níyànjú pé kí ó sọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé fún wọn kí wọ́n kán òróró sí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún.

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kọ́ o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń tà á kọjá iye ni, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń rí ẹni tó sanwó tí kò wá. Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní àyà. Ní tiwọn, èrò ju àga lọ. Ní ilé wa, àga ju èrò lọ. Àwọn tó wá bá wa ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ màmá rẹ ti lọ, bí ìwọ náà bá ti wọlé lọ, èmi nìkan ni n óò padà sí Bàrígà, tí n óò ṣí ilẹ̀kùn, tí n óò kí ògiri.

Ó wá bèèrè ẹni tí yóò yọ̀ǹda ìjókòó rẹ̀ di ọ̀la. Ó ní wọn yóò fún un ní òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Tẹniọlá, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gòkè. Mo ní ọmọ mi yóò dúró. Ó bi mí bóyá o mọ̀ sí i, mo ní a ti jọ sọ ọ́. Irọ́ ni mo pa. Ó bi mí ìdí rẹ̀, mo ní ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, pé n kò tíì gbọ́ ohùn ọmọ mi tẹ́ mi lọ́rùn. Ó na fọ́ọ̀mù sí mi, mo sì fọwọ́ sí i. Mo ṣebí ìjókòó iwájú rẹ, èyí tó ń tẹ́ bí bẹ́ẹ̀dì, yóò máa dúró dè ọ́ ni, bí ẹní tí ènìyàn fi fìlà rẹ̀ gbàyè sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ jí nínú ọjọ́ ayé rẹ.

Nígbà tí o dé, tí o ń sọ pé ọmọ rẹ ń retí rẹ, pé wọn kò ní gbà ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ bí o kò bá dé ní Mọ́ńdè, ìgbà náà ni ojú mi tó là. Wọ́n ti gbé ìjókòó náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ni ti ìdí bàálù pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láàárín ọkùnrin méjì. O bi ọmọbìnrin náà pé ta ló fún un láṣẹ. Ó wo ojú mi. Èmi wo ilẹ̀. Ó rọra ká fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí, ó fi í sí àpò rẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, mà. Àwa la ṣàṣìṣe.”

Kò ṣàṣìṣe kankan. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo gbé ẹ̀yìn rẹ tí wọ́n là jókòó sórí àga tí kò tẹ́, láti Èkó títí dé ibẹ̀, mo sì fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe asà.

Kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ bàálù náà lónìí, jọ̀wọ́. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ni, kọ orúkọ mi sí i pé pérépéré, Ràmọ́nù Ògúnmọ́lá, kí o sì kọ nọ́ńbà ilé wa. Èmi fúnra mi ti lọ sí pápákọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì láti jẹ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ ní kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì wá kí n tó wọlé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tì mí mọ́lé, Adébọ̀dé ti ní òun yóò máa gbé oúnjẹ wá, ìyẹn ni yóò sì jẹ́ oúnjẹ àkọ́kọ́ tí yóò fi owó rẹ̀ rà fún mi. Bí wọ́n bá ní n kò gbọdọ̀ wọ bàálù wọn mọ́, n kò wọ̀ ọ́ rí.

Owó oúnjẹ oṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi ra oògùn ẹ̀yìn rẹ. Nígbà tí inú rẹ bá rọ̀, bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, bá mi fi owó sórí fóònù, kí n lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí inú rẹ kò bá sì tíì rọ̀, mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà jìnnà sí ọ ju bí ọwọ́ rẹ ṣe lè nà dé. Ibi tí o bá jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọ dìde níbẹ̀ mọ́, títí kan èmi. Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ọ́.

Bí o bá dáhùn, bí o kò sì dáhùn, ní gbogbo Jímọ̀ tí mo bá ti kírun tán, n óò máa kọ̀wé sí ọ.