Sí Ilé Alfa Jàmàlúdéènì, Lórí Lẹ́tà Méje Tí Abdulganiyu Kọ

Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Kakuri, Kaduna.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1965.

Alfa wa ọ̀wọ́n, Ìyá Gàníyù, àti Àdíját ọmọ wa,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo àti ojú tí kò tíì gbẹ ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọmọ yín, ọmọ wa, Abdulganiyu, tó jáde láyé nílùú tó ti ń kàwé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó ṣe ìdánwò ọdún kejì. Ìnná lilláhi wa ìnná iláéhì rọ́jíúnà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ọ̀fọ̀ tí kò yẹ àgbà, nítorí ọmọ ló yẹ kó sin baba. Àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ ti kọjá, ẹ sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwé tiwa tí ẹ kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ dópin, bí ó tilẹ̀ korò.

Abdulganiyu ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kakuri tó wọ yunifásítì. Ẹ rántí ọjọ́ tó ń lọ, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, bí a ṣe kún ibùdókọ̀ réluwéè tí àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ kò fi rí ẹsẹ̀ gbé sí. Ìyá rẹ̀ di máásà, àkàrà ìrẹsì, sínú agolo fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ó ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé gba èrò ju mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ lọ. Ó ní olùkọ́ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Ó ní òun rí ilé ìkàwé alájà mẹ́ta, tí ènìyàn lè dàgbà kó kú sínú rẹ̀ láìka ìdajì ìwé tó wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí Haúsá tó máa ń jábọ́ sí i. "Ní Kaduna wọ́n ń pè mí ní Bayarabe, ọmọ Yorùbá, níbí wọ́n ń pè mí ní Gàmbàrí. Haba, ibo gan-an ni tèmi?"

Ẹ̀kọ́ tó lọ kọ́ kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nígbà tó wá ìsinmi ọdún tó kọjá, ó bu omi kànga mẹ́fà ní Mahuta àti Kakuri sínú ìgò, ó gbé wọn lọ sí yunifásítì, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Ó kọ̀wé padà pé méjì kò dára, ó sì dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kànga inú ọgbà Alhaji Àúdù, Alága wa. Inú bí Alága, ó ní irú ọmọ wo nìyí tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dí kànga méjèèjì, inú rírun tó ń dààmú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àdúgbò náà dáwọ́ dúró. Bí Abdulganiyu ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá burú, yóò sọ pé ó burú, ẹni yòówù kó ni ín. Ì bá dára ká ní a fìwà jọ ọ́.

Ẹ mọ àṣà wa. Lẹ́tà ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kì í ṣe ti ilé kan, ti gbogbo ẹgbẹ́ ni. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń dé sí. Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a ó péjọ sí pálọ̀ Alhaji Àúdù, Akọ̀wé yóò sì dìde kà á. Alfa mọ kéwú ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kò ka bókò, ìwé òyìnbó, rí, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa. Akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì réluwéè, ni ojú wa, òun náà ni ẹnu wa. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn kí a máa yìn ín. Bó bá ti ka lẹ́tà tán, inú fáìlì ni ó ń kó o sí, kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́.

Nínú lẹ́tà kẹta, tó dé ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọjú. "Ikọ́ kan ń ṣe mí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, kò fẹ́ lọ." Akọ̀wé rí ìlà náà, ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Gàníyù tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé a kì í ka àìsàn ọmọ sétí àwùjọ, pàápàá ọmọ tí ojú púpọ̀ ń wò. Ó fò ó. Ìlà kan péré ni, ìpàdé sì tú pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lẹ́tà kẹrin ní òógùn ń bo òun lọ́sàn-án gangan, òun kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé ìkàwé láìjókòó sinmi. Akọ̀wé fo èyí náà. Lẹ́tà karùn-ún ní òun rí ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣífù. Níbẹ̀, ahọ́n Akọ̀wé yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó kà á jáde pé, "Ara mi le, ojú ọjọ́ ibí ló kàn tutù díẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ni.

Ẹnì kan fura, ẹ̀yin ni, Ìyá Gàníyù. Ẹ dìde láàárín àwọn obìnrin, ẹ ní, "Akọ̀wé, tákàdá mẹ́ta ni mo rí lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ kà yìí ò tó tákàdá kan. Ojú yín sì dúró níbì kan." Alága ní, "Kai, Ìyá Gàníyù, ta ló sọ yín di ọ̀gá bókò?" A rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ẹ sì jókòó, ẹ fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá, a dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kà nìkan ni ẹ ka lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́tà kẹfà wọlé ní oṣù Kẹta. A ó kọ ọ́ síbí bó ṣe wà, nítorí ẹ̀yin lẹ ni ín: "Bàbá mi, dókítà ilé-ìwé ní kí n wá sinmi nílé fún sáà kan, kí n máa gba abẹ́rẹ́. Wọn yóò pa àyè mi mọ́ dè mí. Lẹ́tà àṣẹ yín nìkan ni wọ́n ń béèrè. Mi ò ní dìde láìgbọ́ lẹ́nu yín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mo mọ bí ẹ ṣe sìn mí dé ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá sílé. Ẹ jẹ́ kí n wá."

Akọ̀wé kò ka èyí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Tuesday, ó wá sí ilé yín láti sọ ọ́ fún Alfa níkọ̀kọ̀. Ó bá Alfa láàárín àwọn ọmọ kéwú pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́ wọn, tó ń wí fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n yín wà ní yunifásítì. Ìwé ló ń bẹ̀rù rẹ̀, kì í ṣe òun ló ń bẹ̀rù ìwé." Ìyá gbé túwó síwájú Akọ̀wé. Ó jẹ ẹ́, ó fọ ọwọ́, ó kí ilé, ó lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé ìdánwò kù díẹ̀, bí ọmọ bá ti ṣe é tán yóò kúkú wá sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kò sì fẹ́ wẹ̀yìn wò.

Ní ìpàdé oṣù Kẹrin, a dá èsì pọ̀ sí lẹ́tà karùn-ún, nítorí a kò mọ̀ pé ẹ̀kẹfà ti dé. Alága ní, "Sọ fún un pé kó má wẹ̀yìn." Alfa ní, "Sọ fún un pé mò ń ṣàdúà, kó dúró ṣinṣin." Ẹlòmíràn ní, "Sọ fún un pé gbogbo Kakuri ló ń retí ìwé ẹ̀rí rẹ̀." Ìyá Gàníyù ní kó máa jẹun. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀, kò fo ìkankan, ó sì fi í ránṣẹ́.

Lẹ́tà keje kò ju ìlà mẹ́ta lọ. "Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ̀yin àgbà, mo rí èsì yín gbà. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ wí, mi ò ní wẹ̀yìn mọ́. Mo dúró." Èyí nìkan ni Akọ̀wé kà láìfo ohunkóhun láti ìgbà lẹ́tà kẹta. A pàtẹ́wọ́. Alága pariwo pé, "Ọmọ gidi! Wallahi, ọmọ gidi!" Ẹni tó kà á yára ti tákàdá náà sínú fáìlì, nítorí òun nìkan ló mọ ẹ̀bẹ̀ tí ọmọ rò pé a dá lóhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wáyà dé sí ọ́fíìsì réluwéè. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tí ènìyàn lè fò.

Akọ̀wé kó fáìlì wá síwájú ìpàdé fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ lé e jáde. Alága ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ta ló fi Ìyá Gàníyù rẹ́rìn-ín? Bádéjọ nìkan ni?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa sì wà lọ́jà.

Nítorí náà ni a fi ní kí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ìwé yìí, kí Àdíját, àbúrò Abdulganiyu tí a kò fún ní lẹ́tà kankan kà rí, sì kà á fún yín. Lẹ́tà méjèèje wà nínú àpò ìwé tó bá a wá. Ó ti fi tàdáwà pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tó fò. A mọ̀ pé Alfa ti ní Àdíját kò ní lọ sí yunifásítì mọ́, bó tilẹ̀ ti yege ìdánwò àbáwọlé. A kò ní sọ pé ẹ jẹ́ kó lọ, a kò sì ní sọ pé ẹ má jẹ́ kó lọ; ẹnu wa kò gbà á. Bó bá lọ, ilé yín ni kí lẹ́tà rẹ̀ máa dé tààrà. Alhaji Àúdù àti ẹni méjì yóò wọ réluwéè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti kó ẹrù Abdulganiyu wá, wọn yóò sì dúró níbi sàréè rẹ̀ lórúkọ yín. Ilé yín kò ní dá wà.

Kí Ọlọ́hun forí ji Abdulganiyu, kí Ó fi Àlíjánnà ṣe ilé rẹ̀. Kí Ó tu Alfa nínú, kí Ó tu Ìyá Gàníyù nínú, kí Ó dá Àdíját sí fún yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí Ó fi ìdáríjì sí yín lọ́kàn. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kò jẹ̀bi lójú wa. Kí Ó má sì jẹ́ kí á tún dá ọmọ tó ń pè wá lóhùn láìgbọ́ ohun tó wí.

Àwa ni,
Alhaji Àúdù, Alága, ẹni tó tẹ ìka rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.
Bádéjọ, tó jẹ́ Akọ̀wé títí di òní.