Ohun Tí Ewéko Inú Gíláàsì Yín Ń Jẹ

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín: ewéko inú gíláàsì ẹja yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni ewé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí èérí dúdú ń bò ó, tí omi sì ń rùn. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Múfú, wá ní bí ó bá di Sátidé tí òórùn yẹn ò kúrò, òun á da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Ibi tí gíláàsì náà wà gan-an ni Ìyá Ràṣídà, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ gbé fírísà sí, kó lè máa ta omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá lọ sí iléeṣẹ́. Mi ò bá a wí, ó ní ọmọ tó ń bọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lójú Bọ̀dá pé ẹni tó bá da omi yẹn nù, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí koríko lo ṣe fẹ́ bá mi jà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé ẹ ṣì rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é? Nígbà tí ọ̀gá yín ní GRA ń kó lọ sí òkè òkun, ó fún yín ní gíláàsì náà tẹja tewéko, ṣùgbọ́n ó gbé sílíńdà gáàsì tó máa ń mú kí omi hó wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ ò bẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tín-ín-rín kan lẹ wá, ẹ ki orí kan bọ omi, ẹ ki ìkejì sẹ́nu, ẹ sì ń fẹ́ ẹ láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ẹ tó lọ ṣọ́ géètì. Àwọn ayálégbé á ní, "Bàbá, ẹ rọra o, kí ẹja má fà yín wọlé!" Ẹ̀rín á pa yín, omi á ta sí yín lójú. Ta ló kọ́ yín? Nígbà tí ikọ́ sì dé, tí ẹ ò lè fẹ́ ẹ mọ́, kí ló dé tí ẹ ò ní kí n gba rọ́bà náà lọ́wọ́ yín?

Mo wá irú gáàsì inú sílíńdà ọ̀gá yín kiri. Àwọn tó ń rọ gáàsì sínú sílíńdà ìpaná ní Ìkẹjà lè rọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n máa dè mọ́ ẹnu rẹ̀ kó má baà tú jáde ti wọ́n jù, apá mi ò ká owó rẹ̀. Yíìsì oníbúrẹ́dì àti ṣúgà tí a pò sínú ike kí gáàsì lè jáde ló rọrùn lójú mi, níwọ̀n ìgbà tí búrẹ́dì ò wọ́n ní Agége. Ọmọbìnrin tó ń ta ẹja gíláàsì ní Abúlé Ẹ̀gbá kìlọ̀ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, yíìsì ò ṣe é pa. Tí wọ́n bá múná lọ, ewé ò ní jẹ gáàsì nínú òkùnkùn. Ẹja ló máa fún lọ́rùn."

"Tí mo bá fẹ́ gbọ́ wáàsí, màá lọ sí mọ́ṣáláṣí."

"Ó dáa o. Ẹ bá mi kí àwọn ẹja náà pé ó dìgbà."

Mo ṣe é bí mo ṣe fẹ́. Iléeṣẹ́ ọ̀rá náílọ̀n tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n mú iná àdúgbò wa lọ. Bí mo ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹja ti wá sójú omi, wọ́n ń yanu. Mo fa rọ́bà yọ, mo fi kọ́ọ̀pù ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè títí apá fi kú mọ́ mi lára. Púpọ̀ nínú wọn yè é. Ẹja dúdú tí ẹ máa ń pè ní Alájì ló kú. Bọ̀dá bá mi gbé e jáde nínú omi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Mo padà lọ bá ọmọbìnrin náà.

"Mo rò pé mọ́ṣáláṣí lẹ lọ."

Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ó ta ike méjì fún mi: ásíìdì tó dà bí iyọ̀ wà nínú ọ̀kan, sódà àwọn oníkéèkì wà nínú èkejì. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì á jáde, ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí a lè yí pa bí iná bá lọ. Ó wá ní gáàsì yìí náà ló ń ti ẹnu wa jáde, òun ni ewé ń jẹ tó fi ń di ewé. Tíṣà wa kọ èyí sójú pátákó ní abúlé, mo sì dà á kọ. Àṣé mi ò gbọ́ ọ rárá. Mo dúró síbẹ̀, àwọn èèyàn ń fi èjìká gbá mi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bọ̀dá: "Èémí Bàbá ló di àwọn ewé yẹn."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n gbé fírísà dé ní Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e sí. Orí Ìyá Ràṣídà gbóná. Síbẹ̀, òun ló ń bá mi yí ẹ̀rọ náà pa tí iná bá lọ tí mi ò sí nílé; ó ń bú mi, ó ń yí i.

Ewé tuntun ti ń yọ báyìí, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ èémí sí ń jẹrà, wọ́n sì ń ba omi jẹ́. Ọmọbìnrin ẹlẹ́ja yẹn ní kí n gé wọn. Bọ̀dá ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, kó wá ilé mìíràn gbé. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í tíì bọ́ bàtà tó fi ń lọ lóṣòó síwájú gíláàsì.

Bàbá, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, ṣé ti tuntun ò ní bá wọn lọ? Bí mo bá gé wọn, kí ló kù nínú èémí yín tí màá fi han Bọ̀dá?

Mo ti ra sísọ́ọ̀sì. Bọ̀dá wà níbi iṣẹ́, iná wà, omi ń hó wẹ́wẹ́. Màá gé wọn, Bàbá. Kó lé mi tó bá dé.

Èmi ni,
ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè sọ lọ.